Bí Wọ́n Ṣe Pa Iná Tíṣà Já-a

Síṣọ́ọ̀sì ni ó kọ́kọ́ sọ irú ọkọ tí mo fẹ́ fún mi. A kò tíì pé oṣù mẹ́ta nínú ilé. Mo ń gé aṣọ lọ́wọ́, mo gbé síṣọ́ọ̀sì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike píìnì. Nígbà tí mo máa tún gbé e, gbogbo píìnì tẹ̀lé e bí òròmọdìyẹ tí ń tẹ̀lé ìyá wọn. Mo gbọn síṣọ́ọ̀sì, wọn kò bọ́. Mo pe orúkọ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò bọ́ síbẹ̀. Ọkọ mi yọjú láti yàrá.

Ó ní, "Má dààmú Olúwa. Èmi ni mo fi òòfà pa á lára láàárọ̀. Mo fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó máa lò kó tó rẹ̀ ẹ́."

Aránṣọ ni mí, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé ni mo sì ń rán jù. Láti ọjọ́ náà n kò fi ẹsẹ̀ tẹ píìnì mọ́ nínú ilé mi, nítorí bí mo bá ti na síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀, gbogbo èyí tó bọ́ ló máa fò wá. Bí agbára rẹ̀ bá ti fẹ́ lọ, ọkọ mi á tún fi òòfà pa á lára, kò sì ní sọ fún mi. Bí àwọn ọkọ mìíràn ṣe ń ra bàtà fún ìyàwó nìyẹn. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo sì dúpẹ́.

Tíṣà físíìsì ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé kan ṣoṣo, èyí tó wà ní òpin òpópónà wa, lẹ́yìn táǹkì omi. Yàrá tó kẹ́yìn nínú ilé gbọọrọ ni láàbù rẹ̀. Tábìlì gígùn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, fèrèsé onínẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, àti kọ́bọ́ọ̀dù kan tí kò ní ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n gbé e débẹ̀, ohun èlò tó bá nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà ni agogo kan tí kò ní ahọ́n àti ìgò tó ti sán. Ó lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé ìgbà náà, ó ní òun fẹ́ ohun tí òun á fi kọ́ àwọn ọmọ nípa wáyà àti òòfà. Ọ̀gá fún un ní páálí ṣọ́ọ̀kì kan.

Ó ní, "Ẹ máa yà á sójú pátákó."

Ọkọ mi ní, "Sà, a kì í ya omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí ló kó o sí wàhálà tó kù nínú ayé rẹ̀. Ẹni tó bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀gá, ó di dandan kó lọ wá omi.

Ó sì wá a. Fáànù tó bá ti kú ní àdúgbò, ó dọ̀dọ̀ rẹ̀. Á tú wáyà kọ́pà inú rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, á ká a mọ́ ara pẹ́ńsù, á fi òwú ìránṣọ mi dè é. Rédíò tó ti gbàgbé ohùn, ó yọ òòfà ẹ̀yìn gbohùngbohùn rẹ̀. Ó máa ń lọ bá jórinjórin ẹ̀gbẹ́ ọjà, á ká apá aṣọ, á kúnlẹ̀ láti gbá ẹ̀tù irin, lẹ́búlẹ́bú tó ń bọ́ lára irin, sínú ike. Àwọn ènìyàn rí i níbẹ̀, wọ́n wá sọ fún mi pé ọkọ mi ti ń gbálẹ̀ fún jórinjórin. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, owó oṣù kò tó ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i níwájú àwọn ọmọ kò ní rẹ́rìn-ín. Á tẹ́ bébà funfun sórí òòfà, á ní kí ọmọ kan wọ́n ẹ̀tù irin lé e bí ẹni ń wọ́n iyọ̀, á ní kí òmíràn fi ìka kan bébà náà pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Ẹ̀tù á dìde, á tò, á tẹ̀ kọrọdọ láti orí dé ìdí, bí ẹni tí wọ́n ti sọ ibi tí kálukú máa dúró fún tipẹ́. Gbogbo ọmọ á na ọrùn wò ó. Nígbà náà ni á máa sọ pé, "Ojú kọ́ ló ń kọ́ físíìsì. Ọwọ́ ni." Kò sí ọmọ tó jáde nínú kíláàsì rẹ̀ tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká wáyà mọ́ ìṣó, tí kò sì rí bí ìṣó náà ṣe gbé ìṣó mìíràn.

Ohun kan wà tí kò fàyè gbà. Kò gbà kí wọ́n pè é ní iná.

Ẹ sì mọ̀ pé ní ẹnu tiwa, iná ni gbogbo rẹ̀. Iná la fi ń dáná, iná ló wà nínú gílóòbù, iná ló ń gbé ènìyàn bó bá fọwọ́ kan wáyà, iná náà sì ni wọ́n sọ fún wa pé ó wà ní ọ̀run àpáàdì. Ọkọ mi ní orúkọ yìí ni kò jẹ́ kí ó yé ọmọ. Ó ní ohun tó wà nínú wáyà kì í jó, kì í kú, ẹnikẹ́ni kò lè pa á. Rírìn ló ń rìn, ó ń yípo, bí a bá sì já ọ̀nà rẹ̀ níbi kan ṣoṣo, ó dúró ní gbogbo ibi. Nítorí náà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tan iná tàbí pa iná nínú kíláàsì rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó máa rìn, wọ́n á ní, "So ó." Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó dúró, wọ́n á ní, "Já a." Ọmọ tó bá ṣèèṣì pè é ní iná á dìde, á rìn yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀kan kí ó tó padà jókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rántí ohun tí ẹnu rẹ̀ gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di Tíṣà Já-a. Àwọn ọmọ kan kò mọ orúkọ rẹ̀ gidi títí tí wọ́n fi jáde.

Kò yọ èmi náà sílẹ̀. Mo lè sọ fún un ní àárọ̀ pé, "Bàbá wọn, ẹ bá mi pa iná yàrá kí ẹ tó jáde."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó wà lókè orí yín yẹn."

"Mi ò rí iná kankan."

"Ẹ já a nígbà náà, kí Ọlọ́run má bàa já èmi."

Á rẹ́rìn-ín, á tẹ súwíìṣì. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún un, kò sì sí èyí tí kò rìn yí tábìlì oúnjẹ wa ká rí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kúrò nílé báyìí, kò sì sí èyí tó ṣe físíìsì nínú wọn.

Ní ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ìwé kan dé. Ọ̀gá ilé-ìwé tuntun, ẹni tí kì í ṣe ènìyàn burúkú, pè é sí ọ́fíìsì, ó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀. Wọ́n á wo láàbù gbogbo ilé-ìwé. Èyí tí wọn kò bá rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n á yọ físíìsì kúrò nínú ẹ̀kọ́ ibẹ̀, kí àwọn ọmọ lọ yan òmíràn. Ọmọ mẹ́rìnlá péré ló ń ṣe físíìsì ní ilé-ìwé náà.

Ọ̀gá ní, "Tíṣà, ẹ mọ̀ pé mi ò lòdì sí yín. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yọ ọ́, mi ò ní sunkún. Àwọn àga tó fọ́ nínú ilé-ìwé yìí ń wá ibi tí wọ́n máa sùn."

Ọkọ mi dé ilé, kò jẹun. Ó ní, "Wọ́n fẹ́ kó àga sínú láàbù mi."

Mo ní, "Wọn ò tíì kó o. Ẹ jẹun."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi múra. Wọ́n wẹ yàrá náà láti òkè délẹ̀. Ó kó gbogbo ohun tó ti ṣe láti gbogbo ọdún yìí wá jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì: mọ́tò kékeré tí wọ́n fi wáyà àti píìnì ìdè-aṣọ mi ṣe, agogo tí òun fúnra rẹ̀ fún ní ahọ́n, bátìrì tó tò sínú páálí, àwọn ìwé tí ọmọ àtọmọ ti kọ ohun tí wọ́n rí sí láti ọdún mọ́kànlá. Àárín wọn ni míítà wà, èyí tó ń wọn agbára ohun tó ń rìn nínú wáyà. Míítà yìí nìkan ni ohun tí wọ́n rà lówó nínú láàbù náà, ọdún mẹ́rin ló sì fi kọ ìwé béèrè kí wọ́n tó rà á. Kì í jẹ́ kí eruku bà lé e. Aṣọ tí mo fi bò ó, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ni, mo sì rán létí rẹ̀ yípo. Ìyàwó kan lè jowú míítà, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà kọjá ìyẹn.

Ẹni tó ràn án lọ́wọ́ jù ni ìyá tó ń gbálẹ̀ ilé-ìwé, opó kan tó ti wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí òun náà ṣe wà. Gbogbo wa ń pè é ní Ìyá Onígbàálẹ̀. Ìṣó tó bá rí nílẹ̀, wáyà tó já, kò ní gbá a dànù, á kó o sínú ike, á ní, "Ti Tíṣà mi ni." Kò wọ kíláàsì rí láyé rẹ̀ bí kò ṣe láti gbá a, ṣùgbọ́n ó gbàgbọ́ pé ohunkóhun tí Tíṣà òun bá ń ṣe níbẹ̀, ire ni.

Nínú ìwé àwọn alábẹ̀wò, wọ́n ní ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lẹ́nu ọ̀nà láàbù nítorí ìjàm̀bá. Ọ̀gá ní kí wọ́n kun bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní pupa. Ó wá pe Ìyá Onígbàálẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ máa dúró ti bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí. Tí ẹ bá ti gbọ́ iná pẹ́nrẹ́n, ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè."

Ìyá ní, "Èmi? Èmi tí mo máa ń gbọ́ ìgbà tí ọmọ bá ju bébà sílẹ̀?"

Ní ọjọ́ náà, mo wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni, mo wá wọn ara àwọn ọmọ tuntun fún yúnífọ́ọ̀mù, mo sì fi ọgbọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàbù pẹ̀lú tépù lọ́rùn. Mo ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà, mo fẹ́ wo bí ó ṣe máa jẹ́. Ìyá Onígbàálẹ̀ dúró lódìkejì mi, bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kún dẹ́nu, ọ̀dà pupa rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó ti mú un lọ́wọ́.

Àwọn alábẹ̀wò jẹ́ méjì: obìnrin onígíláàsì kan tó di fáìlì mọ́yà, àti ọkùnrin kan tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ mi kí wọn. Ó kí wọn tán, ó tún kí wọn. Nígbà tí ó wá yíjú sí àwọn ọmọ, ó bọ̀ sípò.

Wọ́n wọ́n ẹ̀tù irin. Ó tò. Obìnrin náà tẹ̀ síwájú láti wò ó. Wọ́n so mọ́tò kékeré, ó ń yí fìrìfìrì, obìnrin náà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ní, "Ṣé mo lè so ó fúnra mi?" Ọkọ mi ní, "Ìdí tó fi wà níbẹ̀ nìyẹn, mà." Ó so ó, ó já a, ó tún so ó, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin. Mo rí i tí ó kọ nǹkan sínú fáìlì. N kò rí ohun tí ó kọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ ibi kì í rẹ́rìn-ín kọ ọ́. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, Olúwa, mo ti rí ọwọ́ rẹ, má gbé e kúrò.

Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n á fi fọ́nrán kan ṣoṣo láti ara irin tí a fi ń ha ìkòkò sí àárín ìṣó méjì, wọ́n á so ó. Fọ́nrán náà á pọ́n, á sì já. Ìyẹn á fi hàn wọ́n ìdí tí wáyà tínínrín inú fíúùsì fi ń kọ́kọ́ já kí ilé tó bàjẹ́. Ara wáyà tó ti inú ògiri wá ni wọ́n so èyí mọ́, ó gba inú irin rédíò àtijọ́ kan tó ń dín agbára rẹ̀ kù.

Ọmọbìnrin tó máa ṣe é ni èyí tó kéré jù nínú kíláàsì, tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé ó tín-ín-rín. Ó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí àwọn àlejò rí i dáadáa. Dípò fọ́nrán kan, ó fi odidi ìṣù kan síbẹ̀.

Ẹ wá wo ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Èmi ni mo rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ní kí n fi àyè ìdàgbà sí i, kí ó lè wọ̀ ọ́ dé ọdún mẹ́ta, mo sì fi í. Apá aṣọ náà balẹ̀ bí apá asunrárà.

Wọ́n so ó. Ìṣù irin náà pọ́n, ó tú èéfín, ó sì ń ta pàrà pàrà. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ mọ́ ọn láti wò ó, apá aṣọ rẹ̀ sì lọ sórí rẹ̀. Ọkọ mi rí i. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó rí i. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kó lọ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó kù bí ìyá rẹ̀ ṣe bí i.

Ó kígbe pé, "Ẹ pa iná! Ẹ pa iná!"

Ọmọ tó wà nídìí súwíìṣì gbójú sókè, ó ń wò ó. Gbogbo ọmọ ń wò ó. Kò sí èyí tó mira. Ó ti kọ́ wọn pé ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú yàrá yìí. Èyí tó jókòó lẹ́yìn tilẹ̀ ti ń dìde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni rò pé ó yẹ kí ẹnì kan rìn yí tábìlì ká.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ìyá Onígbàálẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí afẹ́fẹ́. N kò mọ̀ pé agbára yẹn ṣì wà lára rẹ̀. Ó da bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan, kò dá ẹ̀kán kan sí. Ó dà á sórí ìṣù irin, sórí Abẹ́rẹ́, sórí míítà, sórí ìwé ọdún mọ́kànlá, sórí fáìlì, sórí gíláàsì obìnrin alábẹ̀wò. Irin rédíò àtijọ́ náà dún páà. Gílóòbù inú ilé gbọọrọ náà kú pátá, láti láàbù dé ọ́fíìsì ọ̀gá.

Omi ń kán láti etí tábìlì.

Ìyá Onígbàálẹ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ó ti kú, Tíṣà mi."

Mo sáré fa Abẹ́rẹ́ sọ́dọ̀. Kò ṣe é ní nǹkan. Ihò kan ló wà létí apá aṣọ rẹ̀, kò ju ojú bọ́tìnì lọ. Mo dúpẹ́ nítorí ìyẹn, mo sì ń dúpẹ́ síbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo béèrè fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn ni mo gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rántí béèrè rẹ̀.

Ọkùnrin alábẹ̀wò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ta ló ní kí ìyá yìí da omi sórí wáyà?"

Mo gbàdúrà kí ọkọ mi parọ́. Ọlọ́run dárí jì mí. Irọ́ kékeré kan, kó sọ pé kò sẹ́ni tó rán ìyá náà.

Ó ní, "Èmi ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n pa iná."

"Ẹ̀yin, tíṣà físíìsì."

"Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí wọ́n já a. Pípa àti jíjá, nínú kíláàsì yìí, wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé lóòótọ́, pẹ̀lú omi tó ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, bí ohun tó wà nínú wáyà kò ṣe jẹ́ iná, bó ṣe jẹ́ pé orúkọ ló fa gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó sọ ọ́ tán. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni. Ó ń ṣa èèpo rẹ̀ nílẹ̀ níwájú wa.

Obìnrin náà nu gíláàsì rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ó yé mi. Ṣùgbọ́n kí ni kí n kọ?" Ó ṣí fáìlì. Ohun tó kọ nígbà tó ń rẹ́rìn-ín ti ṣàn papọ̀, ó ti di omi aró.

A kó gbogbo nǹkan wá sílé. Mo sá ìwé àwọn ọmọ sórí okùn aṣọ mi, ewé kan lẹ́yìn òmíràn, mo fi píìnì dè wọ́n. Wọ́n gbẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n. Wáyà kọ́pà bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ ewé bí búrẹ́dì tó bu. Míítà gbẹ, ọwọ́ inú rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ojú ẹẹ́ta. Ohunkóhun tí a bá so mọ́ ọn, ẹẹ́ta ni. Bí a kò so nǹkankan mọ́ ọn, ẹẹ́ta náà ni. Ọkọ mi wò ó títí, ó ní, "Ó kéré tán, ó mọ ohun tó gbà gbọ́."

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, Ìyá Onígbàálẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé.

"Tíṣà mi, mo gbọ́ pé omi tí mo dà ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́."

Ọkọ mi ní, "Ìyá, ẹ dìde. Mo ní kí ẹ pa iná, ẹ sì pa á."

"Mo pa á lóòótọ́."

"Nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́ láti gbogbo ọdún yìí wá, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe ohun tí mo sọ."

Mo rò pé ìyá á rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló bú sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Kò gùn. Wọ́n ní yàrá náà léwu. Wọ́n ní àwọn mẹ́rìnlá tó ti bẹ̀rẹ̀ lè parí rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé àti àwòrán, kò sì ní sí òmíràn lẹ́yìn wọn. Ọkọ mi kọ lẹ́tà mẹ́ta. Èmi ni mo dà wọ́n kọ, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára ju tirẹ̀ lọ. Àkọ́kọ́, wọn kò dáhùn. Èkejì, wọ́n ní wọ́n ti rí àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, mo ṣì ń gbàdúrà lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́ gbogbo àdúrà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti ṣèlérí pé òun á dá a lóhùn ní kíkọ.

Ọmọ wa ọkùnrin pè lórí fóònù. "Mọ́mì, ẹ bá mi sọ fún Dádì kí wọ́n fi sílẹ̀. Ṣebí ọdún méjì ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì."

Mo sọ fún un. Ọkọ mi ní, "Ọdún méjì gùn nígbà tí èèyàn ò ní nǹkan kan lọ́wọ́."

Wọ́n kó àga wọ láàbù. Ìyá Onígbàálẹ̀ náà ni wọ́n ní kó kó wọn, òun àti àwọn ọmọ kan. Ó sọ fún mi pé òun fi tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé sílẹ̀ lófo, bóyá Tíṣà òun á padà. Ọjọ́ kejì, wọ́n to àga sórí ìyẹn náà, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn.

Síṣọ́ọ̀sì mi, n kò ní í purọ́, ó tó oṣù mélòó kan kí n tó kíyè sí i. Mo na án sílẹ̀ ní ọjọ́ kan, píìnì kan dìde díẹ̀, ó sì padà sùn. Mo dúró de ọjọ́ kejì. Mo dúró de ọ̀sẹ̀ kan. N kò sọ fún un. Mo ń ṣa píìnì nílẹ̀ pẹ̀lú ìka mi báyìí bí aránṣọ tó kù, mo sì ń wọ bàtà nínú ilé.

Mo padà lọ sí ilé-ìwé náà ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kẹ́yìn fún àwọn mẹ́rìnlá yẹn, láti tú etí aṣọ Abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nítorí ó ti ga. Ó ga lóòótọ́. Apá aṣọ tó balẹ̀ nígbà náà ti bá a mu rẹ́gí, tòun ti ihò létí rẹ̀ tí mo ti lẹ̀. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọn á fi parí. Kíláàsì lásán ni wọ́n wà, wọ́n kọjú sí pátákó. Ọkọ mi mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ó ya bátìrì, ó ya wáyà méjì tó yípo, ó ya súwíìṣì, ó ya gílóòbù. Ó yà á dáadáa. Lẹ́yìn náà ó fi ìlà kéékèèké yí gílóòbù náà ká, bí ọmọdé ṣe máa ń ya oòrùn.

Àwọn ọmọ ń dà á kọ. Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ sókè.

"Sà, ṣé iná ti dé?"

Mo wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, mo ń retí kó rántí, kó dìde. Òun náà, mo rò pé ó ń retí rẹ̀. Ọkọ mi wo àwòrán náà, ó wo ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀, kò ní kí ó rìn lọ síbì kankan.

Ó ní, "Ó ti dé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."